Ìkéde fún Ẹgbẹ́ Ìkàwé: Òtítọ́ àti Àìsíníbẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, a kí yín o. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ àti àìsíníbẹ̀ la máa jíròrò nípàdé tó ń bọ̀. Ìwé Phaedo la ó fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, ti ròyìn bí Socrates olùkọ́ rẹ̀ ṣe mu májèlé kú lọ́dún 399 ṣáájú ìbí Jésù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ àwọn tó wà níbẹ̀: gbólóhùn kékeré kan sọ pé ó jọ pé ara Plato ò yá. Ẹni tó kọ ìtàn náà kò sí níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́ ká mọ̀! Gbólóhùn yìí ò kúrò lọ́kàn mi rárá. Ṣé ó dín òtítọ́ ìtàn náà kù ni, àbí ó fi kún un?

Ẹ ka Máàkù orí 16, ẹsẹ 1 sí 8 náà, níbi tí ibojì ti ṣófo. Lẹ́yìn náà, a ó sọ̀rọ̀ nípa àga òfìfo tí wọ́n gbé ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà lé fún Liu Xiaobo, òǹkọ̀wé ará Ṣáínà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, lọ́dún 2010, nígbà tó wà lẹ́wọ̀n.

Ẹni tí kò bá ní lè wá, kó kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́. A máa kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́.