Omi tí Pílátù fi Wẹ Ọwọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ wa bi mí pé, "Pásítọ̀, ta ló pa Jésù gan-an, ṣé àwọn Júù ni àbí Pílátù?" Ilẹ̀ ti ṣú, mo dá bàbá lóhùn ráńpẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé.

Ẹ ka Jòhánù 18:31. Pílátù ní kí wọ́n lọ fi òfin tiwọn dá A lẹ́jọ́, wọ́n ní àwọn kò láṣẹ láti pa ẹnikẹ́ni. Abẹ́ Róòmù ni Jùdíà wà nígbà náà. Róòmù ló ń yan gómìnà, ọwọ́ gómìnà ni ikú àti ìyè sì wà. Ọkùnrin tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí náà ló bu omi, tó wẹ ọwọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn, tó ní kí wọ́n lọ rí sí i fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Ìlú Ọba tí a wà yìí. Oṣù Kẹjọ ọdún 1964 ni wọ́n yẹgi fún ènìyàn kẹ́yìn níbí. Nígbà tó di 1965, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní kí wọ́n má yẹgi fún apànìyàn mọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọdá òkun dé àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Ọbabìnrin. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń fi idà pani kì í jẹ́ kí wọ́n gbé idà kọjá nípàkọ́ òun.

Bẹ̀múdà, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà, ni kí ẹ bá mi wò dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 1973, wọ́n yìnbọn pa gómìnà ibẹ̀, Richard Sharples, nínú ọgbà ilé ìjọba, pẹ̀lú sójà tó ń bá a rìn, àti ajá rẹ̀. Ìwà ìkà ni. Gómìnà náà ní aya, ó ní ọmọ, n kò sì ní fojú kéré ẹkún wọn. Wọ́n dájọ́ ikú fún Erskine Burrows lórí ọ̀ràn yìí àti àwọn ìpànìyàn mìíràn. Larry Tacklyn bọ́ nínú ti gómìnà, ṣùgbọ́n wọ́n dá a lẹ́bi nítorí àwọn tí wọ́n pa ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Lọ́yà obìnrin kan, Lois Browne-Evans, ń sáré ilé ẹjọ́ kiri títí ọjọ́ fi pé. Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kọ̀, wọn kò gba Ọbabìnrin nímọ̀ràn pé kó dá ẹ̀mí wọn sí. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 1977, wọ́n yẹgi fún àwọn méjèèjì ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Casemates. Ìlú dàrú, wọ́n dáná sun ilé, ènìyàn mẹ́ta tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì kú nínú iná hòtẹ́ẹ̀lì. Lọ́ńdọ̀nù tó fọwọ́ lẹ́rán nígbà tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, òun náà ló fi ọkọ̀ òfurufú kó sójà lọ.

Ní 1991, àwọn erékùṣù márùn-ún ní Karibéánì, Anguilla, Cayman, Montserrat, Turks and Caicos àti Virgin Islands ti Gẹ̀ẹ́sì, kò fẹ́ mú ìdájọ́ ikú fún ìpànìyàn kúrò. Lọ́ńdọ̀nù fi àṣẹ Ọbabìnrin mú un kúrò fún wọn. Ti Bẹ̀múdà pẹ́ títí di oṣù Kejìlá ọdún 1999, lẹ́yìn tí Lọ́ńdọ̀nù ti sọ fún wọn pé bí wọn kò bá ṣe é, òun yóò ṣe é. Inú ìjọba tó pa òfin náà rẹ́ ni Browne-Evans wà. Àṣé àṣẹ ti wà nílẹ̀ látọjọ́ yìí!

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ará ìlú ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, nígbà tí wọ́n dìbò lé e lórí ní Bẹ̀múdà ní 1990, àwọn tó ní kó wà ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èrò náà ló pariwo níwájú Pílátù pé kí wọ́n kàn Án mọ́ àgbélébùú.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kò lè máa wo ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Òfin ìwà ọ̀daràn tí Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ fún wa ní 1916 ṣì ń pàṣẹ ikú nílé, gómìnà ìpínlẹ̀ ló sì ń fọwọ́ sí i. Òun kan náà ni òfin fún lágbára láti dárí jì. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ Olúwa nílé, a máa ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan. Ọkùnrin kan wà láàrin àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, òwú pupa àti funfun ló fi ń hun báàgì. Kò tọrọ owó rí. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi mí: "Pásítọ̀, ṣé gómìnà ti fọwọ́ sí i?" Ó ní bí kọ́kọ́rọ́ bá dún ní ìdájí, gbogbo wọn a dákẹ́, wọn a máa ka ẹsẹ̀ wọ́dà títí wọn yóò fi mọ yàrá tó dúró sí.

Ní ìpàdé àdúrà ọjọ́ Wẹsidé, kí olúkúlùkù kọ orúkọ gómìnà ìpínlẹ̀ rẹ̀ sínú bébà wá. A óò pè wọ́n níwájú Olúwa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ẹbí lẹ́wọ̀n, ẹ tètè dé. Ẹ wá bá mi ní ọ́fíìsì, a óò ti ilẹ̀kùn, a óò jọ gbàdúrà.