Gáàsì AC Kì í Tán, Jíjò Ló Ń Jò

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ooru yìí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ gbé lẹ́tà bàbá kan jáde láti Kàdúná. Bàbá náà ní AC ọkọ̀ àtijọ́ kò ní àtúnṣe. Ó ní kí ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yáa máa ra gáàsì sí i lóṣooṣù, tàbí kó yí gíláàsì wálẹ̀ kó máa gba atẹ́gùn Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà náà. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni pé èmi fúnra mi ti tẹ̀ lé irú ìmọ̀ràn yẹn rí, 36,000 náírà ló sì bá a lọ.

Ọkọ mi, Bàbá Ṣadé, ló ra ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí lọ́dún 1998 lọ́wọ́ òyìnbó ará Jámánì kan tó wá ṣiṣẹ́ ìkọ́lé ní Àbújá, tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Porsche 944 ni, ti ọdún 1987, pupa fòò, iná iwájú rẹ̀ a máa yọjú sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ téèyàn bá tàn án. Lọ́jọ́ tó gbé e wọ Kubwa, mo bi í léèrè pé bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ṣe? Ó ní kí n kọ́kọ́ wọlé jókòó ná. Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí tó ti sùn. Àwọn ọmọ ní ká ta ọkọ̀ náà, mo ní wọn ò ní tà á lójú mi. Ọjọọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bá mọ 944 á mọ ẹ̀yìn rẹ̀: gíláàsì ńlá kan ṣoṣo tó tẹ̀ kọrọdọ láti òrùlé wá sí bọ́ọ̀tù. Ó dùn-ún wò. Àmọ́ ẹ gbé e síta ní Àbújá nínú oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá wọ inú rẹ̀ láago méjì ọ̀sán. Oòrùn á gba gíláàsì yẹn wọlé, ooru rẹ̀ kò sì ní rọ́nà jáde. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gèlè mi ti tú, àtíkè ti ṣàn dé ọrùn mi, ọmọ-ọmọ mi wò mí títí, ó ní, “Màmá àgbà, ṣé ẹ ń sunkún ni?” Ti yíyí gíláàsì wálẹ̀ tí bàbá Kàdúná wí yẹn, kó wá bá mi wà á ní títì márosẹ̀ Kubwa nígbà ọyẹ́, láàárín eruku àti èéfín tírélà. Èéfín nìkan ló máa gbà sínú.

Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan AC náà, ẹ̀bá ọ̀nà nítòsí ilé wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Aládùúgbò ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó fi ìṣó tẹ ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, ó ní, “Màmá, gáàsì yín ti tán.” Ó so agolo mọ́ ọn, ó rọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 18,000 náírà. AC tutù, mo ṣàdúrà fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, atẹ́gùn gbígbóná ló ń fẹ́ sí mi lójú. Mo padà lọ. “Màmá, gáàsì yín ti tán.” 18,000 míràn. Ìyẹn kò tilẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹnì kan ní kí n gbé e lọ bá ẹlòmíràn ní Nyanya. Onítọ̀hún gbé sílíńdà kékeré kan jáde tí wọ́n ti fi ọ̀dà kun, kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Bó ṣe ṣí i báyìí, òórùn tó ta sí mi nímú, òórùn ilé ìdáná mi ni. Mo ní, “Ṣé gáàsì tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ nìyí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ló ń tutù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, kò parọ́ o, ó lè tutù lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó ń gbaná ni, tó bá jò wọ inú ọkọ̀, tí wáyà kan wá ṣáná níbẹ̀ ńkọ́? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́místrì, ní Minna àti ní Àbújá níbí. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo wa ọkọ̀ mi lọ sílé.

Ilé ni mo dé tí ara mi fi wálẹ̀ láti ronú. Gáàsì AC kì í ṣe bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Yíyí ló ń yí kiri. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná. Á lọ sínú kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀, á ju ooru rẹ̀ sí atẹ́gùn níbẹ̀, á di olómi. Á wá gba ojú ihò tóóró kan kọjá, á tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tutù nini kó tó padà sídìí kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Kò síbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ó ti tán, ẹ bi wọ́n pé ibo ló gbà jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Òróró máa ń bá gáàsì náà rìn nínú páìpù láti fi rin kọ̀mpúrẹ́sọ̀, nítorí náà ibi tí gáàsì bá ti ń jò, òróró á tẹ̀ lé e jáde, eruku á sì lẹ̀ mọ́ òróró. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ẹ̀yìn kọ̀mpúrẹ́sọ̀, níbi tí páìpù rọ́bà ti wọnú irin, ó dúdú, ó ń yọ̀, eruku pupa Kubwa ti di èépá lé e lórí. Mo po ọṣẹ ìfọṣọ sínú ife, mo fi búrọ́ọ̀ṣì àtíkè mi kùn ún sí ojúkò náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó yá, ìfófòó kan yọ, ó ń wú díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá ń fi itọ́ ṣeré lẹ́nu, ó bẹ́. Òmíràn tún yọ. 36,000 náírà mi nìyẹn.

Ní Apo, níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí, gbogbo ẹni tó rí mi ló ń kí mi ní “Sannu, Hajiya” nítorí ìborùn mi. Onítẹ̀bọmi ni mí, àmọ́ mo ń dáhùn, nítorí mo ti rí i pé owó Hajiya dín díẹ̀ sí owó Madam. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọmọkùnrin ará Ọ̀fà kan pàdé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yí ọkọ̀ ká, ó wá bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: “Màmá, gáàsì wo ló wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ wá?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní R-12 ni wọ́n ṣe AC ọkọ̀ ọdún 1987 fún. Ọdún 1987 yẹn gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal, nítorí pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń jẹ ozone, ìyẹn gáàsì òkè òfuurufú tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní òpin ọdún 1995, wọ́n fún àwa tó kù di ọdún 2010. R-134a ló rọ́pò rẹ̀. Ohun tí aládùúgbò mi ń rọ sínú ọkọ̀ mi nìyẹn, láìyí ohunkóhun padà. Òróró ìgbà R-12 kì í sì bá R-134a rìn. Gáàsì á máa lọ, òróró á jókòó síbi tó wà, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ títí yóò fi há. Ọmọ Ọ̀fà ní ká dúpẹ́ pé gáàsì yẹn ń tètè jò lọ.

Ó da òróró àtijọ́ nù, ó fi èyí tí wọ́n ń pè ní ester sí i, nítorí pé òun kì í bá èyí tó ṣẹ́ kù jà. Ó pààrọ̀ páìpù tó ń jò. Gbogbo òríǹgì, àwọn rọ́bà róbótó tó ń dí ojú ìsopọ̀ páìpù, ló yọ, tó fi tuntun tó ní àwọ̀ ewé rọ́pò wọn; àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti le bí èèpo ẹ̀pà, mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, ó ṣẹ́. Ó ra dáráyà tuntun, agolo tó ń fa omi mu nínú gáàsì náà. Èyí tí mo bá pàdé ní tòkúnbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì owó rẹ̀, àmọ́ ó kọ̀, ó ní èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ ti mu omi yó.

Lẹ́yìn náà ló gbé fákúùmù rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Nínú kíláàsì mi, mo máa ń se omi nínú ìgò, màá gbé e kúrò lórí iná, màá dé e pa, màá dorí rẹ̀ kodò, màá wá da omi tútù lé e lórí. Omi inú ìgò á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó, láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ á pariwo. Ohun tó fà á ni pé nǹkan tó ń tẹ omi náà mọ́lẹ̀ ti dín kù. Iṣẹ́ kan náà ni fákúùmù ń ṣe: omi tó bá fara pamọ́ sínú páìpù á hó, á di èéfín omi, ẹ̀rọ á fà á dànù. Tí wọn ò bá fà á, yóò di yìnyín lójú ihò tóóró yẹn, yóò dí i, yóò sì bá gáàsì di ásíìdì tí yóò máa jẹ irin.

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ẹ̀rọ náà fi kùn. Ó pa á, ó ní ká máa wo géèjì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti sún díẹ̀, díẹ̀ tí ẹlòmíràn ì bá gbójú fò. Kò gbójú fò ó. Fáàfù kékeré ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, irú èyí tó wà lẹ́nu táyà, ló ń jò, bóyá ìṣó aládùúgbò mi ló bà á jẹ́. 1,500 náírà ni tuntun. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ dúró digbí. Ó ka ìwọ̀n tó wà lára àkọlé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé agolo gáàsì sórí òṣùwọ̀n, ó rọ bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, torí pé R-134a kì í gba tó R-12.

185,000 náírà ni gbogbo ìnáwó náà. Ó dùn mí, mi ò purọ́. Mo fi tẹmómítà kíláàsì mi sẹ́nu ihò atẹ́gùn láago mẹ́ta ààbọ̀: ìta jẹ́ 37 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹnu ihò jẹ́ 11, nígbà tí a dé ojú títì tí ọkọ̀ ń sáré, ó wálẹ̀ sí 8. Nínú gosiló Nyanya, ó máa ń gòkè díẹ̀, nítorí pé R-12 ni wọ́n ṣe kọ́ńdẹ́ńsà yẹn fún, tí ọkọ̀ kò bá rìn kò ní rí atẹ́gùn tó. Mo máa ń rọra fi omi fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, n kò tíì rọ gáàsì kankan.

Ohun kan ló kù. Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti ń ṣí kúrò lára férémù rẹ̀, àrùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ 944 ni, òjò sì ti ń ṣú bọ̀. Ẹni tó bá mọ oníṣẹ́ tó lè lẹ̀ ẹ́ dáadáa ní Àbújá tàbí ní Kàdúná, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí Olóòtú. Tí bàbá Kàdúná bá mọ̀ ọ́n, mo ṣe tán láti gba ìmọ̀ràn tirẹ̀ lórí ìyẹn.

Èmi ni,
Ìyá Ṣadé,
Kubwa, Àbújá.