Lẹ́tà sí Àkànní nípa ilé tí rélùwéè kó wá

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Àkànní,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ìnáwó ìgbéyàwó àbúrò rẹ, Ọlọ́run á jẹ́ kó tura fún tọkọtaya.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ bí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí jájẹ ṣe ń kọ́lé ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ìlú kékeré kan wà níhìn-ín ní Illinois tí wọ́n ń pè ní Carlinville, ìdáhùn rẹ̀ ṣì dúró sójú títì níbẹ̀. Ní 1918, iléeṣẹ́ Standard Oil tó ń wa èédú níbẹ̀ ń wá ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á máa gbé. Ilé tó lé ní 150 ni wọ́n rà lẹ́ẹ̀kan náà. Inú kátálọ́ọ̀gì Sears, ìyẹn ìwé àwòrán ọjà wọn, ni wọ́n ti yàn wọ́n. Sears ni àwọn oníṣòwò Chicago tó ń ta aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn ará oko.

Láti 1908 títí di 1940 ni Sears fi ta irú ilé bẹ́ẹ̀. Èèyàn á yan àwòrán tó wù ú, á sanwó, rélùwéè á já odindi ilé sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn: pákó, ìṣó, fèrèsé, ilẹ̀kùn, ọ̀dà, àti ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe tò ó. Ẹyọ nǹkan tó wà nínú ilé kan lè tó 30,000. Wọn kì í kó bíríkì àti sìmẹ́ńtì wá, torí owó ọkọ̀.

Ìwọ tó ń ta pákó ní Bódìjà, fetí sí ibi tí mo ń bọ̀ yìí. Kì í ṣe pé pákó wọn kò dáa ló jẹ́ kí owó ilé wọn rọjú. Ibi tí wọ́n ti ń gé e ni. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ti ń gé pákó kọ̀ọ̀kan sí ìwọ̀n tó máa bá àyè rẹ̀ mu kó tó wọ ọkọ̀, wọ́n á wá tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i lára. Mo wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé Sears, mo gbójú sókè wo igi tó gbé ilẹ̀ ilé dúró. Lẹ́tà C ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà méjì tẹ̀ lé e, tádàwà náà kò tíì parẹ́. Mo fọwọ́ kàn án, orí mi wú.

Ayùn ọwọ́ ni káfíńtà ń lò nígbà náà. Sears ṣírò pé wákàtí 352 ni iṣẹ́ káfíńtà máa gbà lórí irú ilé yìí, dípò 583 tí ilé tí wọ́n gé pákó rẹ̀ lójú iṣẹ́ máa gbà. Wo owó iṣẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀!

Ohun tó dùn mí ni ti owó tí wọ́n ń yá àwọn oníbàárà. Ó ran ọ̀pọ̀ tálákà lọ́wọ́ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, Sears ní láti gba ilé lọ́wọ́ àwọn tó tà á fún. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan ilé náà, tí wọ́n ní kó jáde! Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní da owó yíyá pọ̀ mọ́ òwò pákó.

Ní tiwa, búlọ́ọ̀kù ni ògiri, nítorí náà òrùlé ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ irú gígé pákó sílẹ̀ yìí. Jọ̀ọ́, nígbà tí oníbàárà rẹ kan bá tún ń kan òrùlé, bá mi wọn àgékù pákó tí wọ́n dà nù, kí o sì kọ iye ọjọ́ tí àwọn káfíńtà lò. Mo fẹ́ ká mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe láti gé gbogbo igi òrùlé kan tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Fi àwòrán ilé náà sí i, màá bá ọ ṣírò rẹ̀ níbí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní