Ẹ Gbé Irin Sílẹ̀ Kó Tó Gbé Yín Ṣánlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń gbé irin,

Mo máa ń rí yín láàárọ̀ bí mo bá jókòó síwájú ilé. Ẹ ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ẹ ó di ike omi mú, ẹ ó kí mi kẹ́ ẹ tó kọjá sí jíìmù. Inú mi ń dùn sí i. Bí àwọn kan nínú yín ṣe ń padà bọ̀ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀kan ń tiro, èkejì ò lè na apá gba ṣéńjì lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín pé àwọn ṣiṣẹ́ gan-an lónìí.

Èmi náà gbé irin rí. Ní Mushin, lọ́dún 1983, a ò mọ jíìmù. Sìmẹ́ǹtì la pò sínú agolo ọ̀dà méjì, a ki páìpù bọ̀ ọ́ láàárín, a jẹ́ kó gbẹ. Agolo kan wúwo ju èkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ kan a sì máa fà wá. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì onípákó, mo tì í sókè lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ìkẹsàn-án lọ́ra. Ó dé àárín, ó dúró, mo gbé ìdí sókè, mo yí èjìká, kó tó di pé ó gòkè. Ó yẹ kí n dìde nígbà yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pariwo, "Ọ̀kan sí i! Ọ̀kan sí i!" Àwọn ọmọbìnrin méjì sì ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń wò wá. Kí n má purọ́, àwọn yẹn gan-an ló kó bá mi. Mo sọ ìkẹwàá kalẹ̀ sí àyà, mo tì í, mo sì gbọ́ ọ "fàá" ní èjìká ọ̀tún, bí ẹni fa aṣọ ya. Títí di òní, ìyàwó mi ló ń bá mi ká agbádá lé èjìká.

Kí ni ìkẹwàá yẹn fẹ́ fi kún ara mi tí mẹ́sàn-án ò tíì fi kún un? Irin kì í mú ara tóbi nídìí bẹ́ǹṣì. Ó kàn ń ránṣẹ́ sí ara pé iṣẹ́ wà ni. Oorun, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ló ń ṣe ìyókù. Bí NEPA bá múná lọ lóru tí ẹ̀fọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ dín irin ọjọ́ náà kù.

Ẹ má fi òógùn mọ̀ pé ó tó, nítorí oòrùn lásán ń mú wa làágùn. Bí irin ṣe ń rìn ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá ti ń lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbígbé kan tàbí méjì péré ni agbára yín ṣì ká. Ẹ fi wọ́n síbẹ̀. Ẹ tún wo ara. Bí orúnkún bá ń wọ inú nígbà tẹ́ ẹ bá ń dìde láti ìlóṣòó, tàbí tí ẹ̀yìn tẹ̀ kọdọrọ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé irin nílẹ̀, gbèsè tí ẹsẹ̀ jẹ ni ẹ̀yìn ń san yẹn. Ẹ yọ irin kúrò, ẹ gbé èyí tó fúyẹ́. Bí kò bá tíì tọ́, ilé yá.

Kí ẹran ara máa ta yín bí ata, kò burú. Èyí tó bá gún yín ní oríkèé bí abẹ́rẹ́, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ yín tàbí tí àyà fún pinpin, jíìmù ti parí nìyẹn, dókítà ló kàn. Bí ìtọ̀ bá sì dúdú bíi Coke lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi irin pa ara yín, ẹran ara tó bàjẹ́ ló ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó fẹ́ ba kíndìnrín jẹ́. Ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má wá àgbo.

Ní Birmingham lọ́dún 2022, nígbà tí Adijat Olarinoye gba wúrà fún Nàìjíríà ní ìdíje Commonwealth, nínú ìsọ̀rí 55 kílò, àròpọ̀ irin tó gbé jẹ́ 203 kílò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin gbà fún jíjá irin sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta fún èyí tí wọ́n ń gbé dúró ní èjìká ná. Kò sí ìkeje. Òótọ́ ni pé wọ́n ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ìgbaradì, ṣùgbọ́n olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò ní ó tó. Ọ̀rẹ́ tó ń pariwo "ọ̀kan sí i" lẹ̀yin ní.

Ẹni tó bá sì dá wà lórí bẹ́ǹṣì, kó má fi ìdè dí ẹnu ọ̀pá. Bí irin bá há a mọ́lẹ̀, kó lè da ẹ̀gbẹ́ kan kí àwo irin yọ̀ bọ́.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ lọ́la, ọwọ́ tẹ́ ẹ ń jù sí mi yẹn ti tó. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí n wò ó bóyá ẹ lè dìde láìdi ògiri mú.

Èmi ni,
Baba yín iwájú ilé