Àdùnní, má sáré láràárọ̀

Àdùnní ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú wàhálà Ìbàdàn. Inú mi dùn pé o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, pé o sì ti gba ètò Couch to 5K (láti orí àga dé eré kìlómítà 5) sórí fóònù rẹ. Ètò tó dára ni. Josh Clark, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1996 fún ẹni tí kò sáré rí: ọ̀sẹ̀ 9, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí wàá fi lè sáré ìṣẹ́jú 30 láìdúró. Ọ̀rọ̀ "láràárọ̀" tí o kọ ló mú mi mú bírò. Má sáré láràárọ̀.

Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wàá fi rí i pé mímí ti ń rọrùn, àyà ò sì lù kìkì mọ́. Eegun ojúgun àti iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀. Oṣù ni tiwọn ń gbà. Nígbà tí èémí bá ti ń sọ pé ó yá, tí ẹsẹ̀ kò tíì ṣe tán, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fara pa. Ọjọ́ tí o kò bá sáré ni ara fi ń tún ohun tí eré ti tú palẹ̀ tò. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ti tó.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kánmọ́kánmọ́. Lẹ́yìn náà, sáré ìṣẹ́jú kan, rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kí o sì fi ìṣẹ́jú 5 rìn jẹ́jẹ́ parí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 8 péré ni eré inú rẹ̀. Nítorí pé kò jọ nǹkan bàbàrà, ojú á fẹ́ máa kán ọ, wàá fẹ́ sá a bí ẹni tí ajá ń lé. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Sá a débi pé o lè sọ gbólóhùn kan tán láìjá èémí. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu rẹ, dín eré kù, kódà kí ẹni tó ń rìn lọ sọ́jà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá rẹ.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ìṣẹ́jú 8 lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú 5 láàárín. Ọjọ́ kẹta, ìṣẹ́jú 20 gbáko láìrìn. Ṣé o rí i pé o ti sá 16 tẹ́lẹ̀? Mẹ́rin ló kù. Ní ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, rọra sáré ju bí o ti rò pé ó yẹ lọ, wàá parí rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, tún ọ̀sẹ̀ náà ṣe. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ.

Jẹ́ kí ìṣísẹ̀ rẹ kúrú, kí ẹsẹ̀ máa bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ìdí rẹ. Bí o bá na ẹsẹ̀ jìnnà síwájú tí gìgísẹ̀ ń gbá ilẹ̀, orúnkún ni yóò gba ìyà rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ ra bàtà, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Bó bá jẹ́ òkìríkà lo fẹ́ rà, fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù tó wà láàárín rọ́bà ìsàlẹ̀ àti aṣọ òkè. Bó bá le gbagidi, tó sì ti hunjọ, fóòmù ti kú. Fi í sílẹ̀, bó ti wù kó funfun tó. Gbé bàtà náà sórí tábìlì, wò ó látẹ̀yìn. Bó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kókósẹ̀ rẹ á sì máa tẹ̀ lé e.

Bí ojúgun bá ń dùn ọ́ káàkiri ẹ̀gbẹ́ inú, sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, kí o sì padà sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí orí ìka kan lè bò, tó ń dùn nígbà tí o bá ń rìn tàbí lóru, eegun lè ti fẹ́ sán. Má sáré mọ́, lọ rí dókítà. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí òòyì ń kọ́ ọ, dúró lójú ẹsẹ̀.

AS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ (genotype), o sì mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ò ní kí o má sáré, ṣùgbọ́n AS kì í ṣe ẹni tí ń fi òùngbẹ sá eré àsápajúdé nínú oòrùn. Mu omi kí o tó jáde, kí o sì ti parí kí aago méje àárọ̀ tó lù. Bí ibà bá mú ọ, má sáré títí wàá fi lo oògùn tán tí ara á sì le.

Má bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Mápó. Pápá ilé ìwé tó tẹ́jú sàn jù. Bó bá di dandan kí o sá lẹ́bàá títì, kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, má sì di etí méjèèjì pa pẹ̀lú orin.

Mo ti fi owó bàtà ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ. Rà á kí ọjọ́ Ajé tó dé, kí o sì ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi kí o tó sanwó.

Màmá rẹ