Lẹ́tà Ìparí Táàmù: Ọ̀rọ̀ Owó Ìrìn Àjò sí Kàtídírà Canterbury

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Èsì ìdánwò wà nínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì Kẹta gbìyànjú gidigidi nínú àmì ohùn. Kíláàsì Karùn-ún ṣì ń gbàgbé àmì abẹ́ "ọ", ẹ bá wa mójú tó o nílé. Aago kan la ń parí lọ́jọ́ Sátidé, kì í ṣe aago méjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrìn àjò àwọn ọmọ sí kàtídírà Canterbury, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tó jẹ́ £15 ti di £28, a sì ti gbọ́ ìbínú yín. Ilé-ẹ̀kọ́ kò jèrè kọ́bọ̀ níbẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì ló wọ́n sí i, a sì gbọ́dọ̀ fi àgbàlagbà kan ti ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà.

Àwọn kan tún béèrè ohun tí ọmọ tó wá kọ́ Yorùbá ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó. Inú kàtídírà yìí gan-an ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864. Òun náà ló ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ṣé a ó máa kọ́ ọmọ ní èdè náà, ká wá fi ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pamọ́ fún un ni?

Ọ̀dọ̀ ọba ni ìtàn ibẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 597, Augustine, oníwàásù Kristẹni, dé láti Róòmù sọ́dọ̀ Ethelbert, ọba Kent, ilẹ̀ tí Canterbury wà. Olorì Bertha ti jẹ́ Kristẹni ní tirẹ̀, síbẹ̀ ọba kò gbà kí àlejò bá òun lábẹ́ òrùlé. Ìta gbangba ló jókòó sí, kí wọ́n má baà fi oògùn mú un. (Ọmọ Yorùbá wo ni ìyẹn máa ṣàjèjì sí?) Nígbà tó yá, ó gba ẹ̀sìn náà, ó fún wọn níbùgbé ní ìlú rẹ̀, ó sì ti Augustine lẹ́yìn láti dá ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí Mùsùlùmí, ẹ̀kọ́ ìtàn la ń lọ ṣe, a kò ní kó ọmọ kankan wọ ìsìn. Èyí tí kò bá lọ yóò rí iṣẹ́ ṣe ní kíláàsì, a kò sì ní yọ máàkì rẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Ẹgbẹ́ Onítàn wa! Páálí ni wọ́n fi kọ́ kàtídírà náà, wọ́n fi bébà dídán ṣe òjé orí òrùlé, òrùlé sì ṣeé ṣí, kí ẹ lè rí bí iná ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án 1174 ṣe jà. Ilé kéékèèké mẹ́ta ló ń jó lẹ́yìn ọgbà. Afẹ́fẹ́ gbé ìpẹ́pẹ́ iná wọ àlàfo àárín òjé, igi tó ti jẹrà lábẹ́ rẹ̀ sì gbiná. Òjé bò ó lókè, àjà bò ó nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i títí òjé fi ń yọ́. William ará Sens ní ilẹ̀ Faransé, tó ń tún un kọ́, já bọ́ láti orí igi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró lé ní 1178, William mìíràn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló parí rẹ̀. Gbogbo èyí ni àwọn ọmọ náà lè ṣàlàyé ní Yorùbá, láìwo ìwé.

Sátidé àkọ́kọ́ táàmù tó ń bọ̀ ni owó gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì ṣáájú ọjọ́ náà, a ó pín in sí méjì. A kò ní gba owó lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́