Ẹ̀sùn Lórí LSD Ọkọ̀ Tí Ẹ Tà Fún Mi

Ìdànrè,
Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
Ọjọ́ 23, Oṣù Kẹfà, 2025.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtajà.

Ẹ̀yin ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ni mo ra LSD kan (limited-slip differential, ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán kí èkejì dúró) lọ́wọ́ yín fún áàsù ẹ̀yìn Hilux mi, ₦620,000. Mo fi rìsíìtì mọ́ lẹ́tà yìí. Kí n tó sanwó ni mo ti ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́ yín lórí fóònù, mo sì tún kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp: táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fa ọkọ̀ mi. Títì ọlọ́dà ni mò ń rìn jù, Ìdànrè sí Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà oko kòkó mi débi pé táyà kan máa ń rọ̀ sófuurufú níbẹ̀. Èsì rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi: "Oníjíà ni kẹ́ ẹ mú, mà. Kò sí ibi tí kò lè jáde." LSD tó ń fi jíà pín agbára fún táyà méjèèjì ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọjà yín. Lójú títì, ó dáa. Kì í pariwo, bí òjò bá sì rọ̀, ọkọ̀ kì í fi táyà kan ṣoṣo yọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ̀rọ̀ yí padà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, àpò kòkó méje sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bọ́ sójú kòtò, kò kanlẹ̀ mọ́. Mo fún ọkọ̀ níná. Táyà yẹn ń yí fìrìrì lófuurufú, ẹrẹ̀ ara rẹ̀ ń ta sára igi kòkó. Ti òsì tó wà lórí ilẹ̀ líle kò mira. Àpò méjèèje la sọ̀ kalẹ̀, a fi òkúta di abẹ́ táyà, kí àwọn ọmọ tó tì mí jáde. Ilẹ̀ ti ṣú.

Mẹkáníìkì mi ló là mí lójú. Ó ní ìwọ̀nba agbára tí táyà tó ń yọ̀ bá rí dì mú ni oníjíà máa ń sọ di ìlọ́po, bí ìlọ́po mẹ́ta, fún èkejì. Táyà tó wà lófuurufú kò rí nǹkan kan dì mú. Ìlọ́po mẹ́ta òfo, òfo náà ni. Ó ní kí n máa fa hánbúrékì sókè díẹ̀ kí jíà lè rí nǹkan dì mú. Mo dán an wò lóòótọ́, ó sún díẹ̀. Àmọ́ ta ló ń fa hánbúrékì gun òkè pẹ̀lú ẹrù kòkó?

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ọ́ìlì tí mẹkáníìkì mi lò ni kò dáa, pé ó yẹ kó fi ọ́ìlì LSD sí i. Oníkọ́lọ́ọ̀ṣì, irú LSD kejì tó ń fi àwọn àwo tó fún mọ́ra ṣiṣẹ́, ló ń fẹ́ ọ́ìlì yẹn, nítorí àwọn àwo inú rẹ̀. Ìwé tó wà nínú páálí tiyín fúnra rẹ̀ sọ pé ọ́ìlì jíà GL-5 80W-90 lásán ti tó, òun náà la sì lò. Ṣé ẹ kì í ka ìwé ọjà yín ni?

Ẹ gba oníjíà yín padà, kí ẹ fún mi ní oníkọ́lọ́ọ̀ṣì tó bá áàsù mi mu, èyí tí àwo rẹ̀ ti fún mọ́ra tẹ́lẹ̀, kí táyà tó wà nílẹ̀ lè máa rí agbára díẹ̀ bí èkejì bá tilẹ̀ wà lófuurufú. Mo mọ̀ pé àwo rẹ̀ máa ń jẹ tó bá yá. Èmi ni mà á gbọ́ bùkátà ìyẹn. Ẹ má sì fi èyí tó ń ti ara rẹ̀ pa lọ̀ mí, èyí tó máa ń so táyà méjèèjì pọ̀ pátápátá. Mo ti wọ ọkọ̀ ẹnìkan tó ní in, ó ń ró gbì ní gbogbo kọ́nà, ó sì ń jẹ táyà. Bí ẹ kò bá ní oníkọ́lọ́ọ̀ṣì, ẹ dá owó mi padà, pẹ̀lú ₦45,000 tí mo san fún iṣẹ́ ọwọ́.

Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 sọ pé bí mo bá ti sọ ohun tí mo fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ọjà náà kò sì lè ṣe é, mo lè dá a padà kí n gba owó mi. Bí n kò bá gbúròó yín láàárín ọjọ́ 14, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni mà á kọ̀wé sí.

Nọ́ńbà mi wà lórí rìsíìtì. Ẹ pè mí lẹ́yìn aago mẹ́rin, oko ni mo máa ń wà láàárọ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.